Láwàní Funfun Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin Àwọn Olówó

                                        Ilé Olóògbé Khemaram,
                                        Abúlé Devasar,
                                        Ẹ̀bá Phalodi,
                                        Rajasthan.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, ọdún 2018.

Ghewar, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Surat? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ yín tó ń yọ eyín, ṣé ara rẹ̀ ti balẹ̀? Iṣẹ́ aṣọ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ ti dín igbe kù? Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ níjẹta. Ara wọn le. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, àti pé kí o máa jẹun dáadáa. Ara tèmi náà le. Mo ń jẹun, mo ń sùn. N kò rí nǹkan mìíràn sọ nípa ara mi.

O ti gbọ́ pé Bàbá mi kú. Wọ́n ní o bú sẹ́kún lórí fóònù kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. O ṣeun. Èmi kò tíì sunkún. Udaipur ni ọkọ̀ ojú irin wa wà nígbà tí wọ́n pè mí. Mo ń to gíláàsì sórí tábìlì fún àwọn àlejò tí wọ́n lọ wo ààfin orí omi. Mo tò ó tán kí n tó lọ sọ fún ọ̀gá. Mo délé, mo fi iná sí igi tí wọ́n tẹ́ Bàbá lé, wọ́n fá orí mi, Tejaram ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì wé láwàní funfun tí ọmọ ń wé bí bàbá rẹ̀ bá kú fún mi. Ó ní ní ọjọ́ kejìlá, níṣojú gbogbo abúlé, òun ni yóò tú u, tí òun yóò sì wé aláràbarà fún mi gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí tó gba ipò bàbá rẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, kí n má wé àwọ̀ mìíràn. Mo ní mo gbọ́.

Ìsinmi tí wọ́n fún mi kò tó nǹkan, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Jodhpur. O mọ̀ pé pupa ni gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ń wé. Sabharwal ọ̀gá wa, ará Delhi, wo orí mi, ó ní, "Jetha, mo bá ọ kẹ́dùn o. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò kò sanwó wá ṣọ̀fọ̀. Lọ wé pupa." Mo ní n kò lè wé e. Ó ní, "Àbí o fẹ́ kí n bẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní rárá, kó má bẹ̀ mí, n kò ní wé e náà ni. O mọ bí orí mi ṣe le. Nítorí pé òṣìṣẹ́ kò tó ni kò fi lé mi lọ. Ó tì mí sí ìdáná pé kí n máa fọ àwo, kí ojú àlejò má bàa tó mi.

Ní òwúrọ̀ tí a ń lọ sí Jaisalmer, ara ọ̀kan nínú wa kò yá, ni wọ́n bá ní kí n gbé tíì lọ síbi tí àwọn àlejò ti ń jẹun. Fèrèsé ibẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo ń da tíì sínú ife ìyá arúgbó kan, ará Amẹ́ríkà, nígbà tí ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa. Mo rí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níwájú ilé wa fún àwọn tó wá kẹ́dùn. Mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó sórí rẹ̀, àti àyè òfìfo níbi tó yẹ kí n jókòó sí. Tíì náà kò dà sílẹ̀. Mo béèrè bóyá ìyá náà ń fẹ́ ṣúgà.

Ìyá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wo láwàní mi, ó ní ó dára ju pupa lọ, pé mo dà bí ọmọ ọba inú àwọn àwòrán tí wọ́n rí nínú odi Jodhpur. Ó pe Sabharwal, ó ní inú òun yóò dùn bí gbogbo wa bá lè wé funfun nígbà tí wọ́n bá lọ jẹun lórí iyanrìn lọ́jọ́ náà. Sabharwal kì í sọ pé rárá fún àlejò. Kò pẹ́ tó fi kó gbogbo wa jọ sí ìdáná, ó kó aṣọ ibùsùn funfun dání.

"Ẹ fà á ya, kẹ́ ẹ wé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Mangilal tó ń se ọbẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló dáhùn.

"Ọ̀gá, bàbá mi pè mí láàárọ̀ yìí, ó bú mi bí ẹni máa kú nítorí bàtà tí n kò rà fún un. Ara rẹ̀ yá gágá. Ṣé kí n wé funfun kí n fi sin ín láàyè ni?"

"Aṣọ lásán ni, Mangi!"

"Tó bá jẹ́ aṣọ lásán, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wé e ká rí. Ṣebí bàbá yín wà ní Delhi?"

Sabharwal mú aṣọ kan. Ó tiẹ̀ gbé e dé ẹ̀gbẹ́ etí. Ghewar, ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó wo aṣọ náà, ó sì rọra dá a padà sórí àwọn yòókù. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, Mangilal fi ṣíbí ọbẹ̀ gbá a lápá. Ojú ti ọ̀gá, ẹni tí ojú bá sì tì níwájú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á wá ibi tí yóò gbé e sọ̀. Ó kọjú sí mi.

"Ìwọ náà, tú tìrẹ. Bákan náà ni kí gbogbo yín rí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sọ̀kalẹ̀ ní Jaisalmer, kí o má padà mọ́."

Mo mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ nílé wa. Oògùn ìyá mi àti ilé-ìwé Sua àbúrò mi, òun ni. Mo lọ kó ẹrù mi.

Ní Jaisalmer, wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi òdòdó kọ́ àwọn àlejò lọ́rùn. Bàbá Rahmu àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta gòjé, wọ́n ń kọrin káàbọ̀. O mọ̀ ọ́n, ìdílé rẹ̀ ló ń kọrin fún ìdílé wa láti ayé àwọn baba ńlá wa. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn wọn kọjá, ṣùgbọ́n ó rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró láàárín orin. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà dákẹ́.

"Jetha. Ta ni?"

"Bàbá mi ni, Bàbá."

"Khemaram?" Ó da gòjé rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò. "Khemaram tí mo kọrin ìgbéyàwó rẹ̀!"

Àwọn àlejò dúró pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Sabharwal sáré dé.

"Bàbá Rahmu, ẹ dákun, orin ńkọ́?"

"Orin kẹ̀? Níwájú ọmọ tó wé funfun? Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó kọjá ná."

N kò fẹ́ kí wọ́n pàdánù oúnjẹ òòjọ́ wọn nítorí mi. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Bàbá Rahmu, mo rìn jáde kíákíá. Mo ti dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà kí n tó tún gbọ́ gòjé náà. Mo retí pé ọkàn mi yóò bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Mo bá ọjọ́ kejìlá nílé. Wọ́n se halwa, oúnjẹ aládùn yẹn, gbogbo Devasar jẹ, bàbá rẹ ló ń bu omi fún wọn. Tejaram tú funfun, ó wé aláràbarà. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Tejaram ní wọ́n máa ń wí pé baálé kú, ilé dahoro, ṣùgbọ́n ti Khemaram kò ní dahoro. Wọ́n ní kí n dìde, mo dìde. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Mangilal pè mí lẹ́yìn náà, ó ní ẹlòmíràn ti ń wé pupa mi. Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n bu tíì fún mi. O ní kí n wá bá ọ ní Surat. N kò tíì mọ̀.

Láàárọ̀ àná, mo ń tú okùn ràkúnmí nínú àgbàlá, ni mo rí Bàbá Bhera lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, tó máa ń fi ọ̀pá lé èmi àti ìwọ nítorí bàrà rẹ̀. Kò kígbe orúkọ mi bó ti máa ń ṣe. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

"Baálé, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀yin ni mo wá rí, lórí ọ̀rọ̀ ààlà yẹn."

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí Bàbá mi lè kọjá lọ dá a lóhùn. Bàbá Bhera dúró, ó ń wò mí. Èmi ni mo dá a lóhùn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ yín jó. Kí gbogbo àwọn ọmọ Devasar tó wà lọ́dọ̀ yín. Ìyá mi àti Sua ní kí n kí ọ.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Jetharam.