Ilẹ̀kùn Pa Èmi àti Ìnàkí Mọ́ Inú Àgò

                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Dutse Alhaji,
                                        Abuja.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kejì, 2025.

Balkis, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọyẹ́ ṣì ń jà níbí, ètè gbogbo wa ti bó. Ara mi le, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló yọ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

O mọ ọgbà ẹranko tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìnàkí mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀bọ ńlá tí imú rẹ̀ gùn bí ti ajá: akọ, abo, àti ọmọ wọn. A máa ń tì wọ́n mọ́ yàrá ẹ̀yìn kí a tó gbálẹ̀ àgò, àṣé ìdè ilẹ̀kùn ibẹ̀ ti já. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo ń gbálẹ̀, atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn irin àgò dé, ìkọ́ rẹ̀ sì há láti ìta. Kí n tó gbójú sókè, wọ́n ti jáde sí mi.

Akọ la ẹnu gbàgà. Ehín rẹ̀ gùn ju ìka mi lọ. Mo figbe ta. Ọ̀gá Kàmọ́rù tó ń tọ́jú wọn sáré dé.

"Latifah, jókòó! Má wò ó lójú, á rò pé ìjà lo fẹ́. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn báyìí, á fò mọ́ ọ. Ẹ̀pà ni mo fẹ́ lọ mú."

Wọ́n sáré lọ. Balkis, ayé ṣófo lójú mi. Ọmọ ìnàkí bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó wá di sòkòtò mi mú, ó ń tú okùn bàtà mi. Ìka rẹ̀ rí bí ti ọmọ ènìyàn. Mo mọ̀ pé bó bá ké pẹ́nrẹ́n, mo gbé. Ìyá rẹ̀ rìn wá, ó gbóòórùn apá mi, ó gbọ́mọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó lọ. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Kàmọ́rù da ẹ̀pà sí kọ̀rọ̀ òdìkejì. Akọ yí síbẹ̀, Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, mo rá jáde.

Ọ̀gá Kàmọ́rù fún mi lómi. Wọ́n ní orí àpáta lọ́nà Bwari ni àwọn ọdẹ ti dẹ pańpẹ́ mú abo yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń sùn pọ̀ lókè àpáta. Akọ tó bá dàgbà á lọ wá agbo mìíràn, ṣùgbọ́n abo kì í fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ títí ayé. Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ti abo yìí ńkọ́?

Nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́, Ọ̀gá Kàmọ́rù tún ìdè ṣe, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn mọ́ àwọn ìnàkí. Abo dúró, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí. Ọwọ́ mi kọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í."

Wọ́n tì í. Wọn ò wo ojú mi.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ.

Tìrẹ ni mí títí,
Latifah