Orin fún Ẹni tó Ń Ka Ìsinmi

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Tíṣà Ó-Ki-Jù tún sọ ọ́ lónìí. "Mà, ó ki jù." Gbogbo ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ ló ń ki. Mo fún fèrè níṣẹ́, mo gbé iṣẹ́ kan náà fún fáólìnì, mo tún da kàkàkí lé wọn lórí. Ó ní ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí mo lè bí! Ó sì tọ̀nà, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. Láti Ajé dé Ẹtì mò ń lọ dígí awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di Àbámẹ́ta, mo máa jókòó láàárín àwọn ọmọdé, mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́sítírà, ọgọ́ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ayé mi dùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìròyìn: ọ̀kẹ́sítírà ìlú máa fọn iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìdánrawò wọn, Ọjọ́bọ̀, 27. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Tíṣà ló máa yan ẹni náà.

Àìkú, 2 oṣù kẹta

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀ wá kí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Túbà ló ń fọn nínú ọ̀kẹ́sítírà yẹn, fèrè gàgàrà tó máa ń gbé lé itan, ohùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé. Ó ní òun ti kọ̀wé ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lòun máa jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn.

Ọkọ mi bi í pé kí lẹ máa rántí jù. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kíkà ni. Ó ṣàlàyé pé báà ni wọ́n ń pe àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n pín orin sí, pé òun lè jókòó ka ọgọ́rùn-ún báà ìsinmi tí òun ò ní fọn nǹkankan, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kóun má bàa ṣi ibi tó kan òun. Tó bá wá kan òun, búù, búù, ó tán, òun tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Mo ní, ṣé wọn ò fún yín lórin fọn rí ni? Orin gidi, tó lórí, tó nídìí? Ó ní, "Àbúrò, àwa là ń gbé ẹrù. Àwọn fáólìnì ló ń ṣe fáàrí."

Kò dùn ún o. Èmi ló dùn. Kí n tó fọ abọ́ tán, mo ti mọ ohun tí mo máa kọ.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Oníbàárà kan bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mi ò mọ̀ pé mò ń fi lu ilẹ̀.

Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Ó ti dé! Orin báà mẹ́rìndínlógún, túbà nìkan. Fáólìnì máa gbé ẹrù. Fèrè máa gbé ẹrù. Kàkàkí á panu mọ́, ó ti tó gẹ́ẹ́. Mo kọ ọ́ lórin fún ọkọ mi nínú ilé ìdáná, ó gbàgbé iná, ìrẹsì jó.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Tíṣà tẹjú mọ́ ọn títí. Ó wá ní, "Mà, ibo lẹ fẹ́ kó ti mí?" Yéè! Dùùrù ni mo fi kọ ọ́, dùùrù kì í mí. Mo ti fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ibi ìmí mẹ́ta sí i. Tíṣà kò sọ pé ó ki.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Èmi ni! Èmi ló yàn! Mo dì mọ́ ọn, awò ojú ẹ̀ bọ́ sílẹ̀, mo bá a tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé túbà ló lorin. Bọ̀dá máa mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ìyókù, ojú ìwé ni kó ti rí i. Tíṣà ní ká fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé tí olúkúlùkù máa wò fọn. Mo kọ̀. Ọwọ́ mi yìí tó ń lọ dígí, ṣé nóòtì, àmì orin lásán, ló máa ṣòro fún un?

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Mo ṣe ìwé túbà tán. Mi ò fẹ́ kó máa ṣí ìwé láàárín orin, nítorí náà mo fún gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú ìwé kan, nóòtì kéékèèké, ó mọ́ tónítóní. Ó wọlé rẹ́gí. Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Kí ilẹ̀ lanu.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fáólìnì wọlé jẹ́jẹ́, fèrè tẹ̀ lé e, ó dùn, ó dùn gan-an. Ó wá kan túbà. Kò sí nǹkankan. Bọ̀dá jókòó, ó ń fi ìka ka ìsinmi lórí orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi pé àbúrò òun ṣe bẹbẹ. Olùdarí na ọwọ́ sí i. Bọ̀dá yíjú wo onífèrè tròmbóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bí ẹni ń sọ pé ìwọ ni wọ́n ń pè. Báà mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn ń gbé ẹrù, ẹrù ò sí níbẹ̀.

Nígbà tó parí, olùdarí ní, "Túbà, kí ló dé?" Ó ní, "Ìsinmi ni mo ní, sà. Amọ̀nà ni wọ́n kọ síbí."

Amọ̀nà. Nóòtì kéékèèké tí wọ́n máa ń kọ sí ìwé ẹni tó ń sinmi, kó lè mọ ohun tí ẹlòmíì ń fọn lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Tíṣà kọ́ wa. Èmi tí mò ń ṣe awò ojú fáráyé! Olùdarí yẹ ìwé náà wò, ó mi orí, ó wo aago. Àkókò ti tán. Bọ̀dá ká ìwé náà sápò, ó gbé túbà ẹ̀ jáde.

Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni Bọ̀dá wọlé. Ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Tèmi ni?"

Mo ní tiyín ni.

"Gbogbo ẹ̀?"

Mo ní gbogbo ẹ̀, ẹ má bínú, mo kọ ọ́ kéré jù ni.

Ó ní kì í ṣe pé ó kéré. Ó ní òun rí i dáadáa. "Ó dáa jù ni. Mo ní ti sẹ́lò nìyẹn." Sẹ́lò, ẹ̀gbọ́n fáólìnì!

Mo sunkún lójú oníbàárà méjì. Òun náà ń nu imú. Ó wá dìde, ó ní òun ń lọ bẹ olùdarí. Ẹni tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni! Kó tó di ọ̀sán ó ti pè mí: ìṣẹ́jú márùn-ún, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ajé, 31 oṣù kẹta

Mo tún un kọ, ojú ìwé méjì. Ọkọ mi ní ẹni tó wà lójú títì lè kà á.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin

Ó fọn ọ́n.

Ojú ìwé méjèèjì, ó tẹ́ wọn sórí àtẹ pọ̀. Mo gbọ́ ìmí àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn yàrá. Lẹ́yìn náà, orin. Ohùn yẹn láti ìsàlẹ̀, ó gbòòrò, ó rọ̀, kò kánjú. Onítròmbóònù yíjú wò ó, kò mójú kúrò. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú títí ó fi ní kí n rọra.

Lẹ́yìn orin, túbà ní ogún báà ìsinmi, nóòtì méjì tó gbẹ̀yìn ló kù, gbogbo èèyàn pọ̀. Wọ́n débẹ̀. Wọ́n fọn ọ́n. Túbà ò wọlé. Iṣẹ́ mi parí láìní ìsàlẹ̀.

Olùdarí sọ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. "Túbà?"

Bọ̀dá ti gbé túbà sórí ilẹ̀, áńkáṣíìfù wà lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò kà."

Gbogbo wọn pa ariwo ẹ̀rín, àwọn onífáólìnì ń fi ọ̀pá fáólìnì lu àtẹ, àtẹ́wọ́ tiwọn nìyẹn, wọn ò dákẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá nóòtì méjì yẹn. Kò dùn mí rárá. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀.