Orúkọ Márùn-ún fún Pápá Ìṣeré

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún 2025

Ojú ń tì mí. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí.

Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wá sí ìpàdé àdúgbò lónìí. Ilẹ̀ iléeṣẹ́ aṣọ tó ti kógbá sílé, èyí tó wà lẹ́yìn wa níbí, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di pápá ìṣeré àwọn ọmọdé. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri, wọ́n ní ká sọ ohun tí a bá fẹ́. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ló gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ọ̀kan fẹ́ ibi tí wọ́n á máa gbé mọ́tò sí. Nínú pápá ọmọdé! Òmíràn ní kí géètì ga dáadáa nítorí àwọn ọmọ ìta.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn káńsù náà, Ameenat lorúkọ rẹ̀. Ó fi téèpù ìwọnlẹ̀ kọ́ ọrùn bíi télọ̀ — Téèpù ni màá máa pè é níbí. Òun ló béèrè bóyá a ní ọmọ tí kò lè rìn, tàbí tí kò ríran, ládùúgbò, torí ó fẹ́ kí pápá náà gba gbogbo ọmọ. Ni Alága, Bàbá Ọláwọlé, bá dáhùn pé kò sí irú ẹ̀ níbí o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

A ní Àmín. Gbogbo wa. Èmi náà ṣe Àmín. Èmi, ìyá Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ mi jókòó sórí àga onítáyà nílé, kò ju ojúlé mẹ́ta lọ sí ibi tí mo ti ń ṣe Àmín. Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Wòlíì Fọláhàn tún gbé ọwọ́ lé Ọpẹ́ lórí lẹ́yìn ìsìn. Ó pé ọdún mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti ríran sí i pé ọmọ yìí á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìjọ. Láti ìgbà náà, Gbénró ọkọ mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí òun pé ọmọ òun kò lè rìn. Àràárọ̀ ló ń fi òróró ra á lẹ́sẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò rí i kó pa á jẹ rí, àní lọ́jọ́ tí ibà dá òun fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀.

Èmi náà gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ mìíràn mo gbà á gbọ́ gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

Mo yà ní káńsù lẹ́yìn tí a jáde níléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Mo bá Téèpù. Mo ní Alága ò sọ òótọ́. Ó ní òun mọ̀, Mà, gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òun.

Ó fi àwòrán hàn mí. Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ pápá. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà lẹ́nu géètì. Òun fẹ́ yọ àtẹ̀gùn kúrò, kó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gùn, kó da kọnkéré tó jọ̀lọ̀ dé ìdí jáńgólófà — ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ta ló máa lò ó? Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Kí òbí márùn-ún kọ orúkọ ọmọ wọn síbẹ̀ kó tó di Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún. Bí wọn ò bá pé márùn-ún, yanrìn àti àtẹ̀gùn ni wọ́n á ṣe.

Ó bi mí bóyá mo mọ àwọn òbí bẹ́ẹ̀. Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Mi ò sọ pé ọ̀kan nínú wọn ló dúró síwájú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Karùn-ún

Fọ́ọ̀mù wà nínú nóòtù iṣẹ́ mi. Orúkọ kankan ò sí lórí ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ sí bẹ́kìrì tó wà nítòsí réluwéè Agége, níbi tí Ìyá Abdulwasiu ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ọmọ wọn ò ríran láti kékeré. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kíá, pé ọjọ́ tí Abdulwasiu bá gun jáńgólófà, gbogbo Agége ló máa gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Mo kọ ọ́. Bí ẹni ń jalè ni mo ṣe kọ ọ́.

Ni wọ́n bá wo fọ́ọ̀mù náà. "Tíṣà, Ọpẹ́ dà?"

Mo ní màá kọ ọ́ tó bá yá. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "O wá kọ ọmọ tèmi, o wá gbé tìẹ pa mọ́." Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn padà sídìí búrẹ́dì wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Karùn-ún

Méjì sí i! Ìyá àgbà Praise ní kí n kọ Praise, ọmọ tí etí rẹ̀ di. Ìyá Olúwakóredé ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, ó ní ta ló sọ fún mi pé nǹkan ń ṣe ọmọ òun? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀nà títì nígbà tó sáré bá mi, tòun ti ìborùn lọ́wọ́. "Ẹ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá ẹ̀."

Mẹ́ta. Mo ti wá rí i pé inú ilé wa nìkan kọ́ ni ìbẹ̀rù wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Karùn-ún

Mo ti Ọpẹ́ lọ wo ilẹ̀ náà. G. — Gbénró — ò sí nílé. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí táyà fi rì sínú iyẹ̀pẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì da yanrìn rárá. Mo tì í, mo fà á, mo làágùn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò rí wa.

Mo fẹ́ gbé e padà. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká dúró síbí. Mo ń rí wọn dáadáa níbí."

A dúró. Nígbà tí wọ́n jẹ góòlù, ó pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo fi gèlè nu ojú, mo sọ fún un pé eruku ni. Kò gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Karùn-ún

G. rí fọ́ọ̀mù. Ó ń wá bírò nínú báàgì mi.

Kò lù mí, kò bú mi, kò ṣe é rí. Ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ni. Ṣé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún ìjọba pé ọmọ òun jẹ́ arọ? Ọdún mẹ́ta tí òun ti ń gbàdúrà, ṣé inú ìwé káńsù ni màá ti gé e kúrò? Mo ní mi ò tíì kọ orúkọ Ọpẹ́. Ó ní, "O fẹ́ kọ ọ́." Òótọ́ ni.

Ó ní òun á pe Wòlíì wá bá mi sọ̀rọ̀. Ó mú fọ́ọ̀mù lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún

A ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọpẹ́ ń wo èmi, ó ń wo bàbá rẹ̀.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Karùn-ún

Ó ku ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá da yanrìn yẹn, inú rẹ̀ lọmọ mi máa jókòó sí títí tó fi máa dàgbà. Inú ń bí mi sí G., inú ń bí mi sí Wòlíì, mo sì ń bẹ̀rù àwọn méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Karùn-ún

Wòlíì dé láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú sùtánà, láìwọ bàtà. Ọpẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé kejì. G. gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì níwájú wọn, ó rojọ́ mi tán.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn ní, "Bàbá, mi ò sọ pé kò ní rìn. Tó bá rìn lọ́la, ọ̀nà yẹn náà ló máa gbà rìn wọlé."

Wòlíì mú fọ́ọ̀mù náà lórí tábìlì. Wọ́n ka fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé báwo ni géètì ṣe máa fẹ̀ tó. Mo sọ ohun tí Téèpù sọ. Wọ́n ní, ṣé àga tó tóbi ju ti Ọpẹ́ lọ lè gba ibẹ̀ kọjá?

G. ní, "Bàbá?"

Ni wọ́n bá sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn bí ọmọkùnrin kan, Daniel, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìkéré ló wà lọ́dọ̀ ìyá tó bí Wòlíì tẹ́lẹ̀. Màmá kú lóṣù Kejìlá, wọ́n mú un wá sí Èkó. Yàrá tó wà lẹ́yìn ìjọ, tí a rò pé aṣọ ìsìn ni wọ́n kó síbẹ̀ — ibẹ̀ ló wà. Kò lè rìn. Bí gbogbo wa bá ti lọ tán ni wọ́n ń gbé e jáde kó gba afẹ́fẹ́.

Inú bí mi gan-an. Gbogbo ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ní ká gbà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ mi síwájú ìjọ láti Oṣù Kejìlá, tí tiwọn wà lẹ́yìn ògiri! Mo bi wọ́n, mi ò rẹ ohùn mi sílẹ̀, pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa.

Wọ́n ní, "Ta ló máa gbé ọmọ ẹ̀ wá fún mi kí n gbàdúrà fún, tó bá rí tèmi?"

Àánú wọn ṣe mí, ìbínú náà ò sì lọ.

Wọ́n ní kí n kọ Daniel sílẹ̀. Mo kọ ọ́: Daniel Fọláhàn. Mẹ́rin. Mo gbé ojú sókè, mo wo G. Mo ti pinnu pé bó bá kọ̀, màá kọ tiwa níṣojú rẹ̀, kí ilé tú bó bá máa tú.

Ó na ọwọ́, ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ orúkọ Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gé e kúrú. Ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó kọ ọ́: Kò lè rìn.

Ó gbé bírò sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Wòlíì ò gbàdúrà. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn náà ń sunkún.