Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Pamọ́ Sí Àjà

Mamba, nísàlẹ̀ òkè,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí òjò dá.

Aikande ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ méjèèjì. Ṣé ooru Dar es Salaam yẹn ò tíì yọ́ yín tán? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òkun wọlé bá yín, kí ó má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ ní báńkì rí àṣìṣe lọ́wọ́ rẹ, kí oúnjẹ má wọ́n ọ, kí àwọn ọmọ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí o ṣe gbọ́ sí mi lẹ́nu lọ. Àmín. Ìyá rẹ wà, ó ń kùn bíi tàná, èyí ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Màlúù wa tó funfun lójú ti bímọ, akọ ni. Kọfí ò so lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ so débi pé igi la fi ń gbé e ró.

Fóònù tí o rà fún mi ṣì wà. Owó tí o fi sínú rẹ̀ lóṣù tó kọjá wọlé, mo sì fi aṣọ wé fóònù náà, mo tì í mọ́ inú àpótí kí owó má baà jò. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti ṣú dúdú, ni mo bá figbe ta pé wọ́n ti jí owó ọmọ mi. Ìyá rẹ ní iná ló kú nínú rẹ̀. Mo ní owó wo ló ń gbé inú òkùnkùn fọ́jọ́ mẹ́ta tí kò ní bàjẹ́? A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kilawe aládùúgbò wa, wọ́n ki iná sí i, owó sì wà níbẹ̀, kò dín ṣílè kan. Síbẹ̀ mi ò fọkàn tán an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò yẹ kó wà nínú ohun tí iná lè kú nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè gbójú sọ ọ́ sí ọ létí.

Má jáyà o. Mo gun òkè ni. Òkè wa tó wà lẹ́yìnkùlé náà, Kilimanjaro, tí mo ti ń wò láti kékeré bí ẹni ń wo àjà ilé onílé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó àwọn òyìnbó gòkè ló ní ojú ń ti àwọn pé àwọn àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè ò débẹ̀ rí, pé àwọn á mú àwa márùn-ún lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ márùn-ún gbáko, kí àwọn lè ya fọ́tò wa. Kilawe ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ó wá ń kiri gbogbo abúlé pé Ndekirwa ò lè gun nǹkan kan, pé àga nìkan ni Ndekirwa mọ̀ ọ́n gùn. O mọ bàbá rẹ. Mo forúkọ sílẹ̀. Mi ò sọ fún ọ, torí mo mọ̀ pé wàá ní kí n má lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pinnu ohun tí ẹsẹ̀ mi máa ṣe. Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yẹn tán báyìí, ó gún mi lọ́kàn. Máa kà á lọ, wàá rí ìdí rẹ̀.

Obìnrin ni afinimọ̀nà wa, Mkunde lorúkọ rẹ̀, ará Rombo, ẹgbẹ́ rẹ ló máa jẹ́. Kò ga ju ìyá rẹ lọ, ṣùgbọ́n ogún ọkùnrin tó ń ru ẹrù ló ń pàṣẹ fún, bó bá sì ti sọ̀rọ̀, ó di ṣíṣe. Kilawe bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ó ní ọkọ òun wà nílé, ó ń se ọbẹ̀, ṣé Bàbá fẹ́ kí òun bá a kí i ni?

Ní géètì Marangu, kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé, wọ́n fún olúkúlùkù ní fọ́ọ̀mù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Orúkọ rẹ. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹni tí a ó sọ fún bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ibi tí ilé rẹ̀ wà. Mo mọ àwọn ìbéèrè yẹn dáadáa, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan ti wà ní àjà ilé ìdáná wa láti ọdún mẹ́tàlá, orúkọ rẹ ló sì wà lórí rẹ̀.

Aikande, wọ́n mú ọ. Ọdún tí o lọ ṣe ìdánwò àwọn afinimọ̀nà, tí o gbé ẹrù sáré pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, wọ́n mú ọ. Awakọ̀ wọn gbé ìwé náà wá, o wà níbi tí o ti ń gé koríko fún màlúù, ó sì fi lé mi lọ́wọ́ pé kí bàbá fọwọ́ sí i, kí ọmọ mú un wá lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jókòó, mo kà á. Mo ní irú òkè wo ló ń béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kó tó gbà á? Ẹran ni, tí wọ́n fẹ́ yan èyí tó dùn? Wọ́n ní kí o mú fọ́tò méjì wá, mo ní ọ̀kan wà fún pósí, èkejì wà fún ìwé ìròyìn. Nígbà tí mo wá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí wọn ó sọ fún àti ọ̀nà ilé wa, mo ní ó tán, wọ́n ti mọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé òkú rẹ wá, ọwọ́ mi ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n lè sọ pé bàbá rẹ̀ gbà. Mi ò lè fọwọ́ sí ikú ọmọ mi. Mi ò sì lè sun ìwé tí orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀, mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín igi àjà, lókè ààrò.

Mi ò sọ fún ìyá rẹ pàápàá. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì lo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Marangu láti wò bóyá èsì wọn dé, tí o ń padà wá tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí o ń wẹ̀ ẹ́ níwájú mi. Mo ń wò ọ́. Ọjọ́ tí o máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dar, o ní, Bàbá, òkè ò fẹ́ mi. Mo ní Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń ṣe. Mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, tọ̀sán tọ̀sán.

Mo wá dúró sí géètì, mò ń wo àwọn òyìnbó ọmọge tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù tiwọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń jẹ bísíkíìtì sí i. Mo pe Mkunde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ṣé gbogbo àwọn ọmọ yìí ti gbà láti kú ni? Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú mi. Ó ní Bàbá, gbogbo ẹni tó bá ń gòkè ló ń kọ ọ́, àti alásè, àti èmi fúnra mi, ọdọọdún ni mò ń kọ tèmi. Ó ní bí ìgbà téèyàn bá ń lọ sí odò tó sọ fún ará ilé ni, kí ẹnì kan lè mọ ibi tí òun wà. Ó ní ẹni tí inú rẹ̀ máa dùn jù pé ẹ padà délé ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Mi ò ronú rárá. Ọwọ́ mi kọ Aikande Mariki, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ. Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ló tó yé mi pé ohun tí wọ́n bi ọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ta ló fẹ́ràn rẹ, èmi ni mo sì sọ ìwé náà sínú èéfín láìdáhùn. Níbi irú ẹ̀jẹ̀, mo kọ “ti ìdílé Mariki”.

A wọ igbó. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ní ká máa rìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ. Wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ mi, mo ní rárá, mi ò tíì kú tí wọ́n á máa rù mí, àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán mo gbà. Omi ni wọ́n ń fún wa mu ṣáá, mo ní ṣé irúgbìn kọfí ni mí? A sùn ní ibùdó Mandara, a sùn ní ibùdó Horombo lọ́jọ́ kejì. Mo ti gbé mbege ìyá rẹ dání, inú akèrègbè kékeré, mo fi ìdérí dé e pinpin. Bí a ṣe ń jókòó jẹun ní Horombo ni ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yìnbọn, ìdérí fò, òyìnbó méjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kilawe ní òun ò bá mi wá.

Ibẹ̀ náà ni Mkunde ti mú àwọn fọ́ọ̀mù jáde láti yẹ̀ wọ́n wò. Ó dé orí tèmi, ó dúró. Ó ní Bàbá, Aikande Mariki wo nìyí? Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní èyí tó sáré pẹ̀lú ẹrù ní bàtà tí kò bára mu, tó pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ fún òun lọ́jọ́ ìdánwò? Mo ní bóyá. Ó ní àwọn méjì péré ni obìnrin tí wọ́n mú lọ́dún náà, àwọn sì ti jọ ṣàdéhùn pé ibùsùn kan náà làwọn máa pín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi ẹ̀kọ́ náà, wọ́n pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló dìde tó ní ó ń bọ̀, ó wà lọ́nà. Ó fi báàgì rẹ̀ gba àyè dè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí o ò wá. Aikande, mo ní o rí iṣẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Dar. Ó mi orí, ó ní áà, òun ti mọ̀ pé o fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gba òkè lọ́wọ́ rẹ, mo tún wá ba orúkọ rẹ jẹ́ lórí rẹ̀.

Wọ́n ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi ń há ìka mọ́ra, á máa tan iná pupa, á wá sọ nọ́ńbà. Ní Horombo, ó ní méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mo bínú, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mi ò tíì pé àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a dé Kibo, ibùdó tó kẹ́yìn, lọ́jọ́ kẹta, tí orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń la igi nínú rẹ̀, ó ní mọ́kànléláàádọ́rin, inú mi dùn, mo ní ó ti ń sún mọ́ òótọ́. Mkunde ò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun yìí ń kà, kì í ṣe ọjọ́ orí, tiyín sì ti kéré jù, ẹ ò ní kọjá ibí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n dé orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, kí ni kí òun sọ fún un?

Àwọn yòókù gòkè lóru, èmi jókòó ti alásè. Ní òwúrọ̀, mo rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí iyanrìn, Mkunde ló ṣíwájú, ó di Kilawe lọ́wọ́ mú bí ìyá ṣe ń mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, Kilawe sì ń sunkún pé òun dé ẹnu kòtò òkè, òun rí yìnyín. Mò ń wo ọwọ́ obìnrin yẹn. Mo ní ọwọ́ Aikande ni ì bá jẹ́. Àbámọ̀ tó bá mi níbẹ̀ ò jẹ́ kí n lè mu tíì.

Nígbà tí a padà dé géètì, mo sọ òtítọ́ fún Mkunde, gbogbo rẹ̀, àti àjà, àti èéfín. Ó wá ní kì í ṣe òun ni kí n sọ fún. Ó ní wọ́n tún ń gba èèyàn lóṣù kẹfà, wọ́n ń gbà títí dé ẹni ogójì ọdún. Mò ń jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi ni. O ní báńkì, o ní ọkọ, o ní ọmọ, mi ò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ pé ṣe tàbí má ṣe.

Páànù ilé ìdáná ti ń jò láti ìgbà tí mo ti gun àjà lọ yọ ìwé náà, ẹsẹ̀ mi ló lu ú. Èékánná ẹsẹ̀ mi méjì sì ti yọ, bàtà tí wọ́n yá mi ló fà á. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi owó páànù mẹ́rin àti ti oògùn ránṣẹ́ sínú fóònù, mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní wé e láṣọ mọ́. Bí inú rẹ ò bá gbà lẹ́yìn ohun tí o kà yìí, kí ilé ìdáná máa jò, ó tọ́ sí mi.

Ìyá rẹ ní kí n já ewé isale lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, kí n ta á ní kókó, kí n fi sínú àpòòwé yìí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí a bá fi isale bẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó. Mo já a, mo ta á ní kókó. Mo wá rí i pé bí mo bá fi ránṣẹ́, mo tún ti bá ọ pinnu nìyẹn, lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Má wá ewé nínú àpòòwé, kò sí. Fọ́ọ̀mù rẹ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń rùn bí èéfín, mo sì ti fọwọ́ sí i níbi tí wọ́n ní kí bàbá fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ọjọ́ Ajé náà ti kọjá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ níbi gíga àti níbi pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ má rí baba tó máa fi ìfẹ́ dí wọn lọ́nà. Níbikíbi tí wọ́n bá sì ti fún ọ ní fọ́ọ̀mù, tí wọ́n bi ọ́ pé ta ni kí àwọn sọ fún, bí ọkàn rẹ bá gbà á, kọ orúkọ mi.

Èmi ni,
Ndekirwa Mariki, bàbá rẹ.