Ẹni Tó Ń Wá Òfin Kan fún Ohun Ńlá àti Ohun Kékeré: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọ̀mọ̀wé Olúbọ̀dé Sámúẹ́lì Oyèkọ́lá (1951–2025)

Ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí Ọ̀mọ̀wé Olúbọ̀dé Sámúẹ́lì Oyèkọ́lá, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1951. Bàbá wọn ni Pa Jósẹ́fù Oyèkọ́lá, tó ń wọn kòkó fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà. Ìyá wọn ni Màmá Rúùtù Àbẹ̀kẹ́, tó ń hun kíjìpá. Àwọn ni ọmọ kẹrin, àwọn sì nìkan ni ọkùnrin tí ìyá wọn bí tó dàgbà. Àwọn ọmọ ní kí èmi Mọ́níkẹ́, ìyàwó wọn, kọ ìtàn yìí lórúkọ ẹbí. Jésùfẹ́mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ orin inú rẹ̀.

Ní ọdún 1957 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé máa ń sọ pé wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù, ìdí tí bọ́ọ̀lù fi ń padà wá sílẹ̀ ni wọ́n máa ń bi tíṣà. Tíṣà nà wọ́n nítorí ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún bi í. Wọ́n jáde ilé ìwé gírámà ní 1969, wọ́n wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1970, wọ́n sì gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1973. Wọ́n kọ́ni díẹ̀ ní Ìkìrun. Ní 1976 wọ́n rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà wá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti di ọ̀mọ̀wé ní 1981.

Ọdún 1979 ni a ṣe ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n wá sílé fún ìsinmi. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rí mi. Wọ́n ní ohùn mi ga ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo ní, “Ṣé ó dùn ni, àbí ó kàn ga?” Ẹ gbọ́ o, wọ́n ronú sí i. Wọ́n ronú sí i dáadáa kí wọ́n tó ní, “Ó ga ni.” Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ọkùnrin yìí kò ní parọ́ fún mi láyé. Olúwa fi ọmọ méjì ta wá lọ́rẹ: Moṣọpẹ́ ní 1981, Jésùfẹ́mi ní 1986. Ní 1988 a kó wá sí ilé wa lẹ́bàá Parsloes Park, ní Dagenham, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń dáná oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìntì.

Láti 1983 ni yunifásítì kan ní àárín Lọ́ńdọ̀nù ti gbà wọ́n sí iṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ayé wọn ṣe nìyí, bí wọ́n ṣe là á yé mi ní kíṣìnì. Òfin méjì ni àwọn onímọ̀ mú dání nípa ayé yìí. Ọ̀kan wà fún ohun ńlá: ilẹ̀, òṣùpá, oòrùn, ìràwọ̀. Òun ló ń sọ nípa òòfà, bí nǹkan ṣe ń fa ara wọn, ìdí tí ife tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni fi ń wá sílẹ̀ tí kì í lọ sókè. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní kúáńtọ́mù, wà fún àwọn ohun wínníwínní tí ojú kò lè rí, tí gbogbo nǹkan yòókù tinú wọn wá. Òfin kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ní ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó méjèèjì sínú ìṣirò kan, bóyá ti ìràwọ̀ tó wó sínú ara rẹ̀, tàbí ti ọjọ́ tí ayé bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn tí ẹ máa rí kò ní òpin, kò sì ní ìtumọ̀. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó gbọ́n jù láyé ti ń wá òfin kan tó máa so wọ́n pọ̀. Wọn ò tíì rí i. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń wá a.

Mo bi wọ́n pé, “Tí ẹ bá wá rí i, kí ló máa yí padà ní Dagenham?” Wọ́n ní, “Kò sí nǹkan kan.” Mo ní, “Ẹ máa wá a lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá jẹun.” Mo sì dá orin kan sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ wọn, tí mo máa ń kọ nídìí iná:

Ohun ńlá, Bàbá ló ni ín,
Ohun kékeré, Bàbá ló ni ín,
Ọwọ́ kan ló mọ méjèèjì o,
Ọwọ́ Bàbá mi ni.

Wọ́n á pariwo láti pálọ̀ pé, “Ìyá Moṣọpẹ́, o ti parí iṣẹ́ mi! Ìṣirò rẹ̀ nìkan ló kù.”

Iṣẹ́ àdáṣe ni, ẹ̀yin ará. Ọ̀nà pọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń gbà wá òfin yìí. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbà kún fọ́fọ́. Èyí tí ọkọ mi yà sí ní 1994, ìwọ̀nba èèyàn ló bá wọn yà síbẹ̀, àwọn kan kú, àwọn kan ṣẹ́rí padà. Ní gbogbo àdúgbò wa, láti Heathway dé Becontree Heath, kò sí ẹnì kan tí wọ́n lè bá sọ ọ́. Wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa rìn yíká Parsloes Park, ẹnu wọn á máa mì. Ìyá àgbà òyìnbó kan rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà, ó máa ń ṣe àmín fún wọn. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ò lè tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo kàn ń gbọ́ tí wọ́n ń fa àga.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n láti inú oyún. Ní gbogbo Sátidé wọ́n máa ń bọ́ bàtà, wọ́n á gbá ilé ìjọsìn, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò nínú gbọ̀ngàn, ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí, láìgba kọ́bọ̀. Bàbá Àgbà Adédèjì ti ìjọ wa máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ ti rí ibi tí Ọlọ́run fara pamọ́ sí?” Wọ́n á ní, “Bàbá, mi ò tíì dé ẹnu géètì.”

Ibi ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé yìí ni Naheem Jímọ̀ ti wọ ayé wọn, ní ọdún 2000. Ọdún 1983 ni wọ́n bí i. Ọmọ Alhaja Ummuhani ni, tí wọ́n ń gbé ní Barking nígbà náà. Naheem lóye ohun tí ọkọ mi ń sọ. Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú ilé wa! Àwọn méjèèjì á jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á máa jiyàn, ìrẹsì á tutù. Nígbà tóun náà di ọ̀mọ̀wé, ọ̀nà ọkọ mi ló gbà. Ó fi ọdún mẹ́jọ kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ lé e lórí.

Ní 2016, tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìntì, yunifásítì ṣètò àpéjọ láti fi yẹ́ wọn sí. Bí wọ́n ṣe ń múra ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ láìwo ti àtijọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ wọn wò nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, méjèèjì kò bára mu. Ohun kan wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ tó kéré gan-an. Gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló máa ń ju irú rẹ̀ nù, torí pé kò lè yí nǹkan kan padà. Ọkọ mi náà jù ú nù ní 1994. Ṣùgbọ́n ó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìlópin, tí a bá sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju ohun tí wọ́n ń wá lọ.

Wọ́n pè mí sídìí tábìlì. “Ìyá Moṣọpẹ́, tí ẹyọ iyọ̀ kan bá bọ́ sínú àwo ọmọ kan, ṣé ọmọ náà máa mọ̀?”

“Rárá.”

“Tí o bá da ti gbogbo ọmọ ilé ìwé pọ̀ sínú àwo kan ńkọ́?”

“Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Iṣẹ́ mi ti wó.”

Mo ní ta ló mọ̀. Wọ́n ní, “Èmi. Àti ìwọ báyìí.” Mo ní ta ló tún máa mọ̀. Wọ́n ní bóyá kò sí ẹnì kankan, torí àwọn tó ń kà á ò pọ̀. Mo ní, “Naheem ń kà á.” Wọ́n ní, “Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí.”

Ẹ̀yin ará, wọ́n lè dákẹ́. Wọn ì bá gba ìyìn, wọn ì bá wálé, ayé ò ní mọ̀. Wọ́n dìde níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, “Iṣẹ́ tí ẹ torí ẹ̀ pè mí kò dúró. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó ti wó hàn yín, kí ẹnikẹ́ni má tún gba ibẹ̀.” Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́, mi ò mọ̀ pé kò yẹ. Naheem ti jáde.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló wá sílé. Kò bọ́ kóòtù. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ní, “Daddy, kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ sọ fún mi? Bí àlejò ni mo ṣe gbọ́ ọ, láàárín gbogbo wọn!” Ọkọ mi fa àga kan fún un. Mo ní, “Naheem, jókòó, ọbẹ̀ ti jinná.” Ó ní, “Màmá, ẹ ṣé.” Ó fa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́. Ó sàn kó gbá a mọ́ wa lójú.

Èmi náà bi wọ́n ní ìbéèrè Naheem. Wọ́n ní: “Tí mo bá ti sọ fún un, á bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù, ká jọ tún un ṣe ná. Tí wọ́n bá wá gbọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n á ní ó mọ̀, ó fi pamọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ní. Jẹ́ kó bínú sí mi, kí ọwọ́ tirẹ̀ mọ́.” Mo ní kí n pè é, kí n ṣàlàyé. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀. “Ìbínú ló fi bi mí, kò dúró gbọ́ èsì. Tó bá fẹ́ mọ̀, á tún bi mí.” Olórí kunkun ni wọ́n, ẹ má jẹ́ ká fi òkú purọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ilé dákẹ́. Àwọn tó máa ń pè láti ìlú òkèèrè ò pè mọ́. Ọkọ mi mú bébà tuntun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, ẹni ọdún márùn-dín-láàádọ́rin. Tí mọ́tò bá dúró níta lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á gbójú sókè. Nígbà ọdún Iléyá Naheem máa ń tẹ̀ mí láago, ohùn rẹ̀ á rọ̀, kì í pẹ́. Wọ́n á ní, “Ṣé ó bi ọ́ ní nǹkan kan?” Màá ní, “Ó ní kí n kí yín.” “Ṣé ó bi ọ́ ní nǹkan kan?” “Rárá.” Wọ́n á padà sídìí ìṣirò. Èmi á bọ́ sí kíṣìnì:

Ilẹ̀kùn dákẹ́, fóònù dákẹ́,
Ẹni tó dá mi kò dákẹ́ o,
Bá mi sọ̀rọ̀, Olùgbé-ọ̀run,
Èmi nìkan ló jí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2025, ni wọ́n sùn lórí àga wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí wọn ò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n. Òfin tí wọ́n ń wá, wọn ò rí i. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí wọn ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun mìíràn níwájú pósí wọn. Inú mi dùn pé mo fẹ́ wọn. Ó dùn kọjá sísọ, bí ojú mi tiẹ̀ wú.

Nígbà tí Naheem gbọ́, ó pè. Ó sunkún débi pé kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ó ní, “Màmá, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n yọjú.” Naheem, ìdáhùn Daddy rẹ wà lókè yìí. Àwọn ló ní kí n má sọ ọ́. Wọn ò lè dí mi lẹ́nu mọ́.

Wọ́n fi èmi ìyàwó wọn sáyé, àti àbúrò wọn obìnrin ní Ìlá, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé, bí wọ́n ṣe dàgbà tẹ̀ léra: Moṣọpẹ́, Naheem, Jésùfẹ́mi. Nígbà tí Jésùfẹ́mi tẹ̀ ẹ́ débẹ̀, ó ní, “Mummy, ṣé ẹ ti bi Alhaja?” Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní ọmọ kì í pọ̀ jù.

Létí sàréè ní Barking, lẹ́yìn àdúrà, àwọn ọmọ yóò bu erùpẹ̀ sí bàbá wọn bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Moṣọpẹ́ ni àkọ́kọ́. Naheem ló kàn. Tí ẹ ò bá rí i nígbà tó bá kàn án, kí ẹnikẹ́ni má bu ú dípò rẹ̀, kí Jésùfẹ́mi náà má sì kọjá rẹ̀. Mo ti bá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn á ní sùúrù. A ó máa kọrin, a ó dúró dè é.

Bàbá Moṣọpẹ́, Bàbá Naheem, Bàbá Jésùfẹ́mi, ẹ sinmi. Ó di òwúrọ̀ tí kò ní ṣú, tí a ó tún ríra.