Àwọn Àna Wa Ń Gbé Lọ́rì Bọ̀

Ilé Bàbá Mọlémọlé,
Lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ọdún 1991.

Lùkúmọ̀n Àlàó, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan? Ṣé omi ò wọ yàrá rẹ nínú òjò tó kọjá? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí n fi etí mi gbọ́ ibi nípa rẹ. Àwa náà wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nìkan ló ń ro mí bí òjò bá ṣú. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, ìwé tí mo kọ́ níléèwé àgbà ò já sásán, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rán akọ̀wé ìta kọ. Mo ń bínú sí ọ díẹ̀, Àlàó. O gbéyàwó, o ò sọ fún mi.

Lọ́jọ́rú, òní ló pé ọjọ́ mẹ́wàá, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò dúdú dé láti kóòtù Èkó, Dáfídì lorúkọ rẹ̀, ó ní ilé wa ni o kọ sínú fọ́ọ̀mù pé ó jẹ́ ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì ìkọ́lé rẹ. Inú mi dùn, mo kó iṣu kúrò nínú ọ́fíìsì náà, mo ní kó wọlé wò ó. Ló bá na ìwé kan sí mi, Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n mo rí orúkọ méjì tí mo lè kà, Azeemah lókè, Lùkúmọ̀n nísàlẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba. Orúkọ obìnrin kan àti orúkọ ọkùnrin kan nínú ìwé kan náà tí ìjọba lu òǹtẹ̀, kí ló tún kù? Mo ní kó ṣàlàyé síbẹ̀síbẹ̀. Ó ní o kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún Azeemah ní Lafiaji. Mo jókòó. Ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógójì tí kò níyàwó, tó wá lọ kọ́lé fún obìnrin, ọmọdé pàápàá á mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó ní ògiri ilé náà ti là, pé yanrìn etí òkun lo fi po sìmẹ́ńtì, òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì Azeemah, inú sì ń bí i gidigidi. Mo ní bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn tí wọn ò bá tètè gbé e dé ilé ọkọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè ọ́ sí kóòtù, o ò lọ, o ò rán ẹnì kankan, ni adájọ́ bá parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, oko ni bàbá rẹ wà nígbà tí wọ́n so yìgì wa, Rájí àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un. Ó ní adájọ́ ti pàṣẹ kí o san ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà fún Azeemah. Àlàó, sàdáàkì wo nìyẹn? Pọ́n-ùn mẹ́ta ni bàbá rẹ san lórí mi, mo sì wúlò fún un.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, bí ẹbí ìyàwó ṣe máa ń rán èèyàn wá wo ilé tí ọmọ wọn ń lọ, mi ò sì jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ó bi mí pé ta ló nilé yìí tí bàbá rẹ fi amọ̀ mọ, mo ní ìwọ ni. Oko kòkó ńkọ́? Ìwọ ni. Ewúrẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ ni. Ẹ̀rọ ìlọta Rájí, mo ní ìwọ lo rà á, Rájí kàn ń wúkọ́, kò já mi nírọ́. Ó bi mí bóyá kọ́ńpìnnì rẹ yàtọ̀ sí ìwọ fúnra rẹ. Mo ní ó ṣe máa yàtọ̀, Lùkúmọ̀n ni kọ́ńpìnnì, kọ́ńpìnnì ni Lùkúmọ̀n, àpò kan náà ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀. Mo tún yìn ọ́ pé ọwọ́ rẹ yá, pé láti kékeré lo ti ń gbé amọ̀ tútù lé èyí tí kò tíì gbẹ, nígbà tí bàbá rẹ ń dúró ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára gbogbo nǹkan, tí bẹ́ẹ̀dì mi ni kẹtàdínlógún, mo sì ti kìlọ̀ fún ará ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nù ún. Ó ní tó bá pé ọjọ́ mẹ́rìnlá wọn á gbé lọ́rì wá. Ẹrù ìyàwó tó gba odidi lọ́rì, ta ló rí irú ẹ̀ rí lábúlé yìí? Rájí ti ń gé igi ojú ọ̀nà kí lọ́rì lè dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ó wá bi mí pé, Màmá, èwo ni tiyín nínú gbogbo èyí? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mi ò ní nǹkan kan láyé ju Lùkúmọ̀n lọ. Ó ti àwo oúnjẹ tí mo gbé fún un sápá kan. Kò jẹ ẹran tó kù nínú àwo rẹ̀, ó ní kí n kọ̀wé sí ọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí n má jẹ́ kó di ọ̀la. Èmi ni mo fi falẹ̀, nítorí mo ya ìwé méjì àkọ́kọ́ tí mo kọ, wọn ò mọ́ tó fún ọ̀rọ̀ ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ògiri yẹn ń dùn mí. Bí ògiri tí bàbá rẹ mọ bá là, kì í dúró kí wọ́n pè é. Á gbé kọrobá àti ọkọ́, á lọ tún un mọ, kò ní gba kọ́bọ̀, kò sì ní fẹnu kan oúnjẹ onílé títí ògiri á fi gbẹ. Kò sẹ́ni tó pè é sí kóòtù títí tó fi kú. Lọ bá Azeemah lónìí, kì í ṣe pẹ̀lú lọ́fíńdà, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì àti yanrìn odò. Dọ̀bálẹ̀ fún un, tún ògiri rẹ̀ mọ. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, ó lè ní kí lọ́rì dúró díẹ̀ kí n ráyè kun ilé.

Fi owó ránṣẹ́ sí mi, ti àgbò kan àti àpò ìrẹsì kan, àti owó tí a ó fi yá àga, nítorí nọ́ńbà wà lára tiwa, mi ò fẹ́ kí àlejò fi ìdí nù ún. Hàlímọ̀ ń lọ ra ọjà ní Ìdúmàgbò lọ́jọ́ Ajé, òun ló máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Ọjọ́rú ni lọ́rì ń bọ̀.

Ohun tí ọwọ́ rẹ bá mọ kò ní wó mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí n gbé ọmọ Azeemah jó nínú ilé yìí, nígbà tó bá sì yá, inú rẹ̀ náà ni wàá sin mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ.

Ìyá rẹ tó ń ṣọ́nà,
Àdìjátù.