Nọ́ńbà Ojú Sìgá Fúnmi

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Fúnmi ọmọ ọmọ mi dé láti yunifásítì ní Alábàtà láàárọ̀, sìgá oníbátìrì lọ́wọ́. Ó ti ṣèlérí fún mi pé òun máa jáwọ́ nínú sìgá mímu.

“Màmá, ẹ má bínú. Bọ́tìnnì kan ni ti tẹ́lẹ̀ ní, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, èéfín ni. Èyí ní mẹ́ta. Ọ̀kan ń mú èéfín jáde, ọ̀kan ń fi kún agbára rẹ̀, ọ̀kan ń dín in kù. Mo ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.”

Nọ́ńbà agbára tó wà lójú rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 20. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti di 35. Ó rò pé n kò lè kà á. Àyọkúrò la wà báyìí ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ Fúnmi ò tilẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ kan.

Mo gbà á, mo tẹ bọ́tìnnì ìdínkù títí ó fi kan 5.

“Màmá, kò lè rú èéfín mọ́ báyìí.”

“Ibi tí o ní ò ń lọ nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti padà wá, ó ní òun fẹ́ bá mi ṣáàjì bátìrì rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà fún un kó máa ṣà. Ó jókòó, ó ṣà á tán.